Igbó, Òògùn àti Òfin: Ìtàn Àbádòfin tí Kò Dé Adó-Èkìtì

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1996 ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Sani Abacha yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Adó-Èkìtì sì di olú-ìlú. Oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kọkànlá, àwọn olùdìbò ní California ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin kan tí wọ́n ń pè ní Proposition 215. Òfin náà gba aláìsàn láyè láti gbin igbó kí ó sì lò ó, bí dókítà bá ti sọ pé ó lè ṣe é láǹfààní. Kò sí ẹni tí ó so ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì pọ̀ nígbà náà, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni ì bá fi so wọ́n pọ̀. Ní ọdún 2018 ni orúkọ Èkìtì tó wọ inú ọ̀rọ̀ náà, nígbà tí Ọmọ́yẹlé Ṣòwòrẹ́, akọ̀ròyìn tí ó ń wá ipò ààrẹ Nàìjíríà, sọ ní gbangba pé igbó tí ó dára jù lágbàáyé ń hù ní Èkìtì, àti pé bí òun bá wọlé, Nàìjíríà yóò máa tà á fún àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan bínú. Àwọn àgbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò sọ nǹkan kan, nítorí ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin kọ sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá gbìn ín.

Orúkọ tí Yorùbá fi ń pe ewé yìí yẹ fún àkíyèsí. Àgbàdo, gbágùúdá àti kòkó, òkè òkun ni gbogbo wọn ti wá, síbẹ̀ olúkúlùkù wọn ní orúkọ tirẹ̀. Ti ewé yìí yàtọ̀: igbó lásán ni wọ́n ń pè é. Ó jọ pé ibi tí wọ́n ń fi í pamọ́ sí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ tí ìjọba amúnisìn pè é ni “Indian hemp”, ìyẹn ni pé ará Íńdíà ni wọ́n kà á sí. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò gẹ́gẹ́ bí òògùn. Ní ọdún 1839, dókítà ará Ireland kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Calcutta, William O’Shaughnessy, kọ nípa bí òun ṣe fún àwọn tí ó ní àìsàn ipá àti ìrora líle ní oje rẹ̀. Ní ọdún 1893 sí 1894, ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní Íńdíà wádìí ọ̀rọ̀ náà délé-délé, wọ́n sì sọ pé lílò rẹ̀ ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì kì í fa ìpalára tí ó tó nǹkan. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà ni ó fi òfin dè é ní Nàìjíríà ní ọdún 1935, lẹ́yìn tí àpérò àgbáyé ní Geneva ní 1924 sí 1925 ti kà á mọ́ òògùn olóró, nítorí ẹ̀bẹ̀ Íjíbítì jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú sí ọdún náà, 1935. Ohun tí ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà ni pé àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wa tí wọ́n lọ jà ní Íńdíà àti Burma nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n mú irúgbìn náà bọ̀ wálé, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà láàárín ọdún 1945 sí 1960. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, òfin ni ó ṣáájú, kí igbó tó gbilẹ̀. Wọ́n ti kàn án lẹ́jọ́ kí ó tó wọ̀lú.

Nígbà tí yóò fi di ọdún 1960, àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta ti ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti mu igbó kí orí wọn tó dàrú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró ní 1954, kọ nípa rẹ̀. Dókítà Tọ́lání Àṣùní náà kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1964 nínú ìwé ìròyìn àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí òògùn olóró. Àwọn òbí tí wọ́n ń sọ títí di òní pé igbó ti ba ọmọ àwọn jẹ́ kò parọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó ń ti àbádòfin lẹ́yìn máa fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà nínú ìtàn Aró tí a kì í sábà rántí. Lámbò gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó sì mú wọn bá a ṣiṣẹ́. Ní àsìkò kan náà, oníṣègùn ọpọlọ kan láti Canada, Raymond Prince, kọ ní 1960 nípa bí àwọn adáhunṣe Yorùbá ṣe ń fi asofẹ́yẹjẹ wo wèrè. Inú ìdílé asofẹ́yẹjẹ ni àwọn onímọ̀ òyìnbó ti rí reserpine yọ ní 1952, òògùn tí ilé ìwòsàn káàkiri ayé lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọpọlọ. Asofẹ́yẹjẹ lágbára, bí a bá ṣì í lò, ó lè pani. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó pe asofẹ́yẹjẹ ní ọ̀daràn. Ewé tí ó lè wo wèrè àti ewé tí ó lè dá wèrè sílẹ̀ wà nínú oko kan náà, ìyàtọ̀ wọn sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń lò ó àti bí ó ṣe ń lò ó.

Àwọn ológun kò ní sùúrù fún irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1966, ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbàjọba, ni wọ́n gbé òfin igbó jáde: ikú tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21 fún ẹni tí ó bá gbìn ín. Ní 1975 wọ́n yọ ikú kúrò, wọ́n sì dín ìyà ẹni tí ó kàn mu ún kù gidigidi. Ní 1984, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari dá ikú padà fún àwọn tí ń fi òògùn olóró ṣòwò, wọ́n sì yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta ní oṣù Kẹrin ọdún 1985 nítorí kokéènì àti heroin, fún ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ti dá kí òfin náà tó jáde. Ariwo ìyẹn ni ó mú kí wọ́n pa ìyà ikú tì. Òfin tí ó dá àjọ NDLEA sílẹ̀ ní 1989 ni ó wà títí di òní. Ẹ̀wọ̀n gbére ni ti ẹni tí ó gbìn ín. Ọdún 15 sí 25 ni ti ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́. Nínú gbogbo òfin wọ̀nyí, àgbẹ̀ ni ìyà rẹ̀ ń pọ̀ jù.

Kí ló wá dé tí àgbẹ̀ fi ń gbìn ín? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn kòkó. Kòkó ni ó kọ́ ilé ìwé, tí ó kọ́ ilé alájà ní Èkìtì, tí ó sì sọ ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Nígbà tí owó rẹ̀ ń já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé lẹ́yìn 1980, tí ìjọba Babangida sì fọ́ àjọ tí ń ra kòkó ká ní 1986 lábẹ́ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, àgbẹ̀ ni ó kù ní òun nìkan. Igi kòkó máa ń gba ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó so. Igbó kò gbà ju oṣù díẹ̀ lọ. Kòkó ń fẹ́ ọ̀nà mọ́tò àti ilé ìkẹ́rùsí. Àpò igbó kan kì í wúwo, àwọn tí ń rà á sì ń wá bá ẹni nínú oko lóru. Láti igbó Ọ̀wọ̀ àti Ògbèsè títí dé igbó ọba tí ó wà ní Ìsẹ̀-Èkìtì, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi ńlá láti gbin nǹkan tí ó ń yára mówó wọlé. Àwọn tí wọ́n ń ṣe ìwádìí nípa àwọn ẹranko inú igbó Ìsẹ̀, níbi tí ìnàkí díẹ̀ ṣì kù sí, kà á mọ́ ohun tí ń ba ibùgbé wọn jẹ́. Gbígbin rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ ń ba igbó gidi jẹ́ ju gbígbin rẹ̀ ní gbangba lọ, nítorí ibi tí ojú kò tó ni ẹni tí ó ń sá pamọ́ ń wá.

Ní California, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà yàtọ̀ pátápátá. Àrùn éèdì ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní San Francisco láàárín 1981 sí 1996, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń kú bí ewé, òògùn tí wọ́n sì ń fún wọn ń mú kí wọ́n máa bì, kí wọ́n má lè jẹun. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn, Mary Jane Rathbun, bẹ̀rẹ̀ sí í yan àkàrà òyìnbó tí ó fi igbó sí fún wọn, wọ́n sì mú un lẹ́ẹ̀mẹta. Dennis Peron, tí éèdì pa ẹnì kejì rẹ̀, ló ṣáájú àwọn tí ń gba ìbuwọ́lùwé. Ìlú San Francisco kọ́kọ́ dìbò lórí rẹ̀ ní 1991, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún sì gbà. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ìpínlẹ̀ California gbà á pẹ̀lú ìbò tí ó lé ní ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Aláìsàn, nọ́ọ̀sì àti ìyá arúgbó ni wọ́n gbé òfin náà débẹ̀. Ẹni tí ó ń dìbò lè má fẹ́ràn igbó rárá, ṣùgbọ́n ó mọ ẹnì kan tí ó ń jẹ̀rora.

Ìgbì náà gba òkè òkun kọjá. Lesotho fún àwọn kan ní ìwé àṣẹ láti gbin igbó fún òògùn ní 2017, òun sì ni ó ṣáájú ní Áfíríkà. Zimbabwe tẹ̀ lé e ní 2018. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, àjọ tí ń bójú tó òògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Epidiolex, òògùn tí wọ́n yọ láti ara igbó fún irú wárápá líle méjì tí ń ṣe àwọn ọmọdé. Ní oṣù Kọkànlá, Britain gba àwọn dókítà àgbà láyè láti kọ ọ́ fún aláìsàn, lẹ́yìn tí àwọn ìyá tí ọmọ wọn ní wárápá ti pariwo títí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì tí ń ṣe nọ́ọ̀sì ní London àti Manchester ni òfin yìí bá lẹ́nu iṣẹ́. Thailand ṣe òfin tirẹ̀ ní ìparí ọdún kan náà.

Thailand ni Gómìnà Rótìmí Akérédolú ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, òun àti Muhammad Mustapha Abdallah tí ó jẹ́ alága NDLEA nígbà náà. Gómìnà tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà, àti olórí àjọ tí ń jó oko igbó níná, ni wọ́n jọ wọ ọkọ̀ òfuurufú láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin igbó. Ohun tí Akérédolú sọ kò lọ́jú pọ̀: gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Oǹdó ni ojúkò igbó ní Nàìjíríà, ọjà tí òfin gbà láyè yóò tó bílíọ̀nù 145 dọ́là ní 2025, a ó sì pàdánù bí a kò bá tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, àpérò ńlá kan wáyé ní Àkúrẹ́ lórí àǹfààní igbó fún ìṣègùn àti fún ọrọ̀ ajé. Àwọn aṣòfin Abuja wà nídìí rẹ̀, pàápàá Benjamin Kalu tí ó jẹ́ agbẹnusọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, tí ó sì ń ti àbádòfin náà lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n NDLEA ti yí padà. Mohamed Buba Marwa, ọ̀gá ológun tí ó ti fẹ̀yìntì, ni ó ti wà níbẹ̀ láti oṣù Kìíní ọdún 2021, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ohun tí ó fi ń dáhùn lágbára. Ìwádìí tí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ìjọba Nàìjíríà ṣe, tí wọ́n gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, fi hàn pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ni ó lo òògùn olóró láàárín ọdún kan, mílíọ̀nù 10.6 nínú wọn ni ó lo igbó, àti pé ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ilẹ̀ Yorùbá, ni ó pọ̀ jù sí: ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Báwo ni a ó ṣe ṣílẹ̀kùn fún ohun tí a kò tíì lè dá dúró ní ẹnu ọ̀nà? Nàìjíríà ti fi ìdúró yìí hàn ní Vienna ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá 2020, nígbà tí àjọ òògùn olóró àgbáyé dìbò láti yọ igbó kúrò nínú ìsọ̀rí àwọn tí ó burú jù tí kò sì ní ìwúlò nínú ìṣègùn. Orílẹ̀-èdè 27 gbà, 25 kọ̀, ọ̀kan kò dìbò. Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó kọ̀, Togo náà.

Àwọn kan ń bi í pé kí ló dé tí Èkìtì kò ṣe tirẹ̀ bíi California. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà ní Adó, ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti yunifásítì ìpínlẹ̀ wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó, Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá sì ní ilé ìwòsàn ńlá tirẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, òògùn àti májèlé ni nọ́ńbà 21 nínú àwọn nǹkan tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Bí gbogbo aṣòfin Èkìtì bá tilẹ̀ dìbò fún igbó lọ́jọ́ kan, bébà lásán ni. Akérédolú mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ó fi mú àwọn ará Abuja wá sí Àkúrẹ́. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ ni ilẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀, ilé ìwòsàn àti ohùn àwọn aṣojú tí ó rán lọ sí Abuja.

Ibi tí àṣìṣe wà gan-an ni ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́. Dọ́là ni àwọn olóṣèlú wa fi bẹ̀rẹ̀. Láti ẹnu Ṣòwòrẹ́ dé ẹnu Akérédolú, bílíọ̀nù ni, ọjà ni, àǹfààní ni. Ẹni tí ara ń ro kò fojú hàn. Owó sì ni ọ̀rọ̀ tí Marwa lè tètè borí, nítorí kò sí òbí tí yóò fi ọpọlọ ọmọ rẹ̀ wé owó tí ìjọba ń wá. Bí wọ́n bá ti mú ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní wárápá tí òògùn méjì, mẹ́ta kò ràn jókòó síwájú nínú gbọ̀ngàn Àkúrẹ́, ìdáhùn rẹ̀ ì bá nira. Bí wọ́n bá ti mú ẹni tí jẹjẹrẹ ń jẹ tí kò rí morphine rà jókòó síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá yí. Òtítọ́ sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Epidiolex kò wo wárápá gbogbo, oríṣi díẹ̀ ni wọ́n fi hàn pé ó ń ràn lọ́wọ́. Fún àrùn foníkú-fọládìde, tí Nàìjíríà ní ju gbogbo ayé lọ, ìwádìí kékeré kan tí wọ́n ṣe ní California tí ó jáde ní 2020 kò rí i pé igbó dín ìrora kù ní ọ̀nà tí a lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹni tí ó ń sọ fún àwọn ènìyàn pé igbó ń wo gbogbo àrùn ń ṣe àbádòfin náà ní ibi.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí àpérò kò gbé yẹ̀ wò tó ni ti àgbẹ̀. Ní Lesotho, ìwé àṣẹ gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ilé iṣẹ́ òkèèrè ni ó gbà á. Àwọn ará òkè tí wọ́n ti ń gbin igbó láti ìgbà bàbá ńlá wọn dúró síta. Ghana ṣe òfin tirẹ̀ ní 2020 fún igbó tí agbára ìmutí rẹ̀ kò ju ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sì fagi lé apá náà ní 2022 nítorí pé ilé ìgbìmọ̀ kò jíròrò rẹ̀ dáadáa, wọ́n sì ní láti tún un ṣe ní 2023. Bí irú òfin Lesotho bá dé Èkìtì, olówó láti Èkó ni yóò gba ilẹ̀ tí wọ́n fi ọgbà yí ká, ẹni tí wọ́n jó oko rẹ̀ ní Ìsẹ̀ lánàá yóò sì máa ṣe lébìrà níbẹ̀ lọ́la, bí kò bá tíì sí lẹ́wọ̀n. Àbádòfin tí ó bá máa wúlò ní láti sọ ẹni tí yóò gbìn ín, ẹni tí yóò yọ òògùn inú rẹ̀, dókítà tí yóò kọ ọ́, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí òfin àtijọ́ ti sọ sẹ́wọ̀n. Nínú gbogbo ariwo 2019 sí 2021, ìbéèrè kẹrin yìí ni wọn kò bi ara wọn rí.

Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kẹsàn-án kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 láìsí òfin igbó ìṣègùn kankan. Kalu padà wá gẹ́gẹ́ bí igbákejì olórí ilé aṣojú-ṣòfin tuntun. Akérédolú kú ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún náà lẹ́yìn àìsàn. Òfin 1989 ṣì wà bí ó ṣe wà, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ó sì lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹjọ́ náà wà ní Adó-Èkìtì, níbi tí àwọn tí NDLEA bá mú nínú oko tàbí lójú pópó ti ń dúró níwájú adájọ́.